Update Windows 11 kọ̀, kò wọlé: ó ń dé ìdajì, ó ń yí padà, 0x800f0922

Ọmọ_Ṣúrúlérè kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ilé wa yìí kó tó dá ìjà sílẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni, Windows 11 Pro, ẹ̀dà 24H2, SSD 256 GB, RAM 8 GB. Update oṣù yìí máa ń wálẹ̀ tán láìsí ìyọnu. Ìyọnu ń dé bí mo bá ti tẹ Restart now: á máa kà á lọ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn, bó bá tún kà díẹ̀ sí i, ó di "Undoing changes made to your computer". Tí mo bá padà wọlé, Update history á ní "Failed to install", 0x800f0922 ló ń kọ síwájú ẹ̀.

C: ṣì ní àyè tó lé ní 40 GB. Kò sí VPN lórí ẹ̀, antivirus tó bá Windows wá náà ni mò ń lò. Hotspot fóònù ni mo fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì mọ bí dátà ṣe gbówó lórí, mi ò fẹ́ máa da GB nù lórí nǹkan tí kò ní wọlé. Iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ ọjà ìyá wọn wà nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n nu gbogbo ẹ̀.

Jagun_Muṣin kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ format ẹ̀. Ẹ da àwọn fáìlì yín sórí hard disk míì, ẹ wá flash 8 GB, ẹ fi Media Creation Tool gbé Windows sí i, ó parí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa lé nọ́mbà àṣìṣe kiri, ilẹ̀ á ṣú bá a.

Akin_Yábàá kọ:

Jagun, format kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ o. Bọ̀dá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáìlì update yẹn ló ti bàjẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ yan Run as administrator, kẹ́ ẹ wá kọ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa tẹ Enter lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
net stop cryptsvc
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
ren C:\Windows\System32\catroot2 catroot2.old
net start cryptsvc
net start bits
net start wuauserv

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ sfc /scannow. Tó bá parí, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth. Ẹ wá pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án, ẹ tún tẹ Check for updates.

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Akin, o káre, àmọ́ àgbo ibà lò ń gbé fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

SoftwareDistribution ni Windows ń kó update tó bá gbà wálẹ̀ sí. Bí bọ̀dá bá yí orúkọ ẹ̀ padà, gbogbo ohun tí wọ́n ti fi dátà wọn gbà ti di àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ hotspot ni wọ́n ń lò. Fáìlì tó bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà kì í pẹ́ kí àṣírí ẹ̀ tó tú, torí Windows máa ń yẹ ìbuwọ́lù Microsoft tó wà lára ẹ̀ wò kó tó lò ó. Kì í jẹ́ kó dé ibi Restart rárá. Ti bọ̀dá ti wálẹ̀ pé, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà tó fẹ́ fọwọ́ kan àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń jí ló kọsẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká gbé iná lọ.

Ọ̀kan tún kù. DISM ló ń ṣáájú, sfc ló ń tẹ̀lé e. Inú WinSxS, fódà tí Windows ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì ara ẹ̀ sí, ni sfc ti ń mú fáìlì tó dára láti fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Bí WinSxS fúnra ẹ̀ bá ti bàjẹ́, kí ni sfc fẹ́ mú níbẹ̀? DISM ló ń tún WinSxS ṣe, ó sì lè lo dátà, torí ọ̀dọ̀ Windows Update ló ti ń mú ohun tó sọnù.

Ó dára, 0x800f0922. Ohun méjì ni Microsoft sọ pé ó lè dúró fún. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kò rí sáfà update bá sọ̀rọ̀, VPN ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé àyè ti tán nínú System Reserved partition, ìyẹn ìpín kékeré orí díìsìkì tí ẹ̀rọ fi ń jí. Bọ̀dá ní kò sí VPN, update sì ń wálẹ̀ tán. Ó ku ìkejì.

Ẹ má wo 40 GB orí C:, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìpín kékeré yẹn wà lórí SSD náà, kì í yọjú nínú This PC, EFI System Partition ni wọ́n ń pè é lórí ẹ̀rọ tó ń lo UEFI, irú BIOS òde òní. FAT32 ni, 100 MB ni Windows Setup sábà máa ń ya sọ́tọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni bootmgfw.efi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wà. Bí update bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, ó gbọ́dọ̀ ríbi kọ tuntun sí kó tó pa èyí tó wà ńlẹ̀ rẹ́. Nǹkan bíi 15 MB ni Microsoft ní kó ṣófo níbẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á yí padà.

Bọ̀dá lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú ojú dúdú cmd yẹn náà, ẹ wá a nínú CBS.log, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ update:

findstr /c:"Error = 0x70" C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log > C:\Users\Public\asise.txt

Kẹ́ ẹ wá fi Notepad ṣí asise.txt. Tẹ́ ẹ bá rí 0x70 níbẹ̀, 112 ló jẹ́ ní òǹkà tiwa. Ẹ kọ net helpmsg 112, Windows fúnra ẹ̀ á sọ fún yín pé àyè kò tó lórí díìsìkì. Tí asise.txt bá ṣófo, ìyẹn ò tíì já ohunkóhun o, torí Windows máa ń di log àtijọ́ pọ̀ sí fáìlì .cab nínú fódà kan náà. Ẹ ṣáà lọ wo àyè náà fúnra ẹ̀.

Jagun_Muṣin kọ:

Àǹtí, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣí Disk Management lórí ẹ̀rọ tèmi báyìí, "100% free" ló kọ síwájú EFI. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wa ló ṣófo fún, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì dúró.

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Irọ́ ni Disk Management ń pa fún ẹ. Kì í rí inú EFI, nítorí náà 100% free ló máa kọ fún gbogbo ayé, ìbáà kún dẹ́nu. Bá a ṣe ń wò ó rèé:

mountvol Y: /s
dir Y:\ /a

Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni kẹ́ ẹ wò, "bytes free". 15 MB jẹ́ 15,728,640 bytes. Bí nọ́mbà yín bá kéré sí ìyẹn, a ti mú olè. Tí lẹ́tà Y bá ti ní oníǹkan, ẹ lo Z.

Cmd ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má lo PowerShell. Terminal tí Windows 11 máa ń ṣí, PowerShell ló sábà máa ń gbé wá, dir /a kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí iwájú ìlà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PS, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ó ti yí sí cmd nìyẹn.

Bàbá_UPS kọ:

Kí bọ̀dá tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, torí àwa tá a wà nínú Èkó yìí la ni ín. Bí update bá ti dé ibi tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún lójú dúdú tàbí ojú búlúù, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná lọ mọ́ ọn lórí, ì báà jẹ́ ìgbà tó ń wọlé tàbí ìgbà tó ń kọ "Undoing". Láptọ́ọ̀pù ni ti bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa, kẹ́ ẹ sì so ṣájà mọ́ ọn. Àwọn bátìrì tòkunbọ̀ kan wà tó ń kọ 60% tó sì máa ń kú lójijì. Ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì HTML tó bá ṣe jáde, ẹ fi Full charge capacity wé Design capacity. Tó bá ti kéré sí ìdajì, ẹ má fọkàn tán bátìrì yẹn.

Ẹni tó ń lo desktop láìsí UPS, kó dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá wà. Kó sì rántí pé UPS kékeré kò wà fún kéèyàn fi ṣiṣẹ́ lọ títí. Àkókò díẹ̀ ló máa fún yín, hard disk tó ń yí sì lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lórí update kan ṣoṣo.

Akin_Yábàá kọ:

Bàbá, tí iná bá ti wá já mọ́ ọn lórí ńkọ́, tí ẹ̀rọ ò wọlé mọ́?

Bàbá_UPS kọ:

Ẹ tan án, bí àmì Windows bá ti fẹ́ yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú. Ẹ tún un ṣe. Tó bá yá, òun fúnra ẹ̀ á gbé yín lọ sí Automatic Repair. Ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, ẹ yan Uninstall latest quality update. Tí ìyẹn bá kọ̀, ẹ wọ Command Prompt níbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ:

DISM /Image:C:\ /Cleanup-Image /RevertPendingActions

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà o. Lójú ibẹ̀ yẹn, Windows yín lè má wà lórí C:, ó lè jẹ́ D:. Ẹ kọ dir C:\ ná, tẹ́ ẹ bá rí fódà Windows àti Users, ibẹ̀ ni. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, bá wà lórí ẹ̀, á béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-díjíìtì 48. Ẹ lo fóònù wọ aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft tẹ́ ẹ fi wọ ẹ̀rọ náà.

Ìdúmọ̀tà_Gadget kọ:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ kún un, torí ẹlòmíì á ka ibí yìí tí nọ́mbà tiẹ̀ ò ní jẹ́ 0x800f0922.

Ẹ wo aago ẹ̀rọ yín. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè kó tó wọ ọjà wa ni bátìrì kékeré orí motherboard ẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá ti yọ ṣájà tí bátìrì ńlá náà sì tán, aago á padà sí ọdún àtijọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbà á gbọ́, torí ìwé ẹ̀rí ààbò sáfà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, 0x80072f8f lẹ máa rí. CR2032 ni bátìrì náà, 3 volts. Ti desktop dà bí owó ẹyọ, ẹ̀ ẹ́ fi èékánná yọ ọ́. Ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń ní waya méjì, pupa àti dúdú, pẹ̀lú ìdè kékeré kan. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ mú ti inú ẹ̀ dání lọ, ẹ fi ìdè wé ìdè, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkejì, bí Settings bá kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń darí àwọn ètò inú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Windows ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù náà ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ:

reg query HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows\WindowsUpdate

Tẹ́ ẹ bá rí WUServer níbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì kan, sáfà abẹ́lé ilé iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ yín ń wá kiri láti gba update, kò sì lè rí i láti Lagos. Irú ìyẹn ni màá gbà pé kẹ́ ẹ format fún, torí ẹ ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Windows tí ẹnì kan ti gé kúrú kó lè fúyẹ́, tí wọ́n máa ń pè ní lite. Àwọn apá tí update fẹ́ tún ṣe ni wọ́n ti gé dànù. 0x800f081f ló máa ń kọ, DISM náà kì í rí nǹkan mú. Ẹ má bá a jà, ẹ fi Windows gidi rọ́pò ẹ̀.

Ọmọ_Ṣúrúlérè kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wò ó. Aago dára, WUServer kò sí. Ohun tí dir Y:\ /a mú jáde, ìlà tó kẹ́yìn ní 5,931,008 bytes free. Nínú Y:\EFI mo rí fódà mẹ́ta: Boot, Microsoft, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà. Ẹ̀kẹta yẹn ló tóbi jù, fáìlì .bin ńláńlá ló wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Jagun_Muṣin kọ:

Áà. Mo gbà fún Àǹtí. Ẹ pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o. Jagun, rọra.

Windows 11 Pro ni, BitLocker tàbí Device encryption lè wà lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé bọ̀dá mọ̀. Ẹ kọ manage-bde -status C: ná. Tó bá kọ "Protection On", ẹ lọ kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ díjíìtì 48 yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ dá a dúró fúngbà díẹ̀:

manage-bde -protectors -disable C:

Bí ẹ bá fọwọ́ kan ohun tí ẹ̀rọ fi ń jí nígbà tí BitLocker ṣì ń ṣọ́nà, ó lè rò pé olè dé, á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín.

Àwọn .bin yẹn, fáìlì BIOS ni, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ máa ń fi ẹ̀dà kan sí EFI kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan fi tún ara ẹ̀ ṣe bí BIOS bá bàjẹ́. Bí BIOS tuntun bá ti ń dé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pọ̀ sí i, nínú yàrá 100 MB. Windows kò nílò wọn láti jí. Síbẹ̀ ẹ má kàn pa wọ́n rẹ́, ẹ kó wọn síta kẹ́ ẹ lè rí wọn dá padà. Ẹ fi flash sí i, ká ní E: ni lẹ́tà ẹ̀:

robocopy Y:\EFI E:\EFI_eda /E /R:1 /W:1

Gbogbo EFI nìyẹn dà sórí flash, àfi BCD, àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ Windows tó máa jí, tó lè kọ̀ torí Windows ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ ṣí flash náà, ẹ rí i pé ó dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò léwu jù, fódà fonts:

Y:
cd \EFI\Microsoft\Boot\Fonts
del chs_boot.ttf cht_boot.ttf jpn_boot.ttf kor_boot.ttf

Lẹ́tà Ṣáínà, Jàpáànì àti Kòríà nìyẹn, fún ọ̀rọ̀ tó ń hàn kí Windows tó jí. Ilé yín ò lò ó. Microsoft fúnra wọn ní kéèyàn pa gbogbo fódà náà rẹ́ pẹ̀lú del *.*, á sì ṣiṣẹ́, àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, wgl4_boot.ttf àti segoe, mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ tún kọ dir, ẹ wo bytes free. Tó bá ti lé ní 15,728,640, ẹ dúró níbẹ̀. Tí kò bá tíì tó, ẹ wọ fódà ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ pa .bin tí ọjọ́ orí ẹ̀ pẹ́ jù rẹ́, ẹ fi tuntun jù sílẹ̀.

Fódà Y:\EFI\Boot àti bootmgfw.efi, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láé. BCD náà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán:

C:
mountvol Y: /d

Kẹ́ ẹ wá lọ sí Windows Update, kẹ́ ẹ tẹ Retry. Ẹ má tẹ̀lé ti Akin o, update tẹ́ ẹ ti gbà wálẹ̀ ṣì wà nínú SoftwareDistribution, kò yẹ kó tún dátà náà fà.

Akin_Yábàá kọ:

Mo ti gbọ́, Àǹtí 😄 Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tó bá gbé ISO Windows 11 wálẹ̀, tó ṣí setup.exe láti inú Windows, tó yan Keep personal files and apps, ṣé ìyẹn ò ní tún gbogbo ẹ̀ ṣe láìpa fáìlì rẹ́?

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Oògùn tó dára nìyẹn fún WinSxS tó bàjẹ́ pátápátá, 0x80073712 àti àwọn ìbátan ẹ̀. Níbi tí EFI ti kún, setup náà á kàn kọ "We couldn't update the system reserved partition" ni, bẹ́ẹ̀ bọ̀dá á ti fi ohun tó ju 4 GB ṣòfò. Ti format Jagun náà, á ṣiṣẹ́ lóòótọ́ bí wọ́n bá pa gbogbo partition rẹ́, torí EFI á ṣófo. Tí wọ́n bá pa C: nìkan rẹ́, EFI tó kún náà ni wọ́n tún máa bá.

Ìdúmọ̀tà_Gadget kọ:

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ gbé update láti catalog.update.microsoft.com, bóyá torí pé ilé ọ̀rẹ́ tàbí ibi iṣẹ́ ló ti rí íntánẹ́ẹ̀tì tó dára. Lórí 24H2, fáìlì .msu kan ṣoṣo lè má tó. Ẹ máa rí update kan, KB5043080, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń wá, òun ni ìpìlẹ̀ tí èyí tuntun dúró lé. Ẹ gba méjèèjì wálẹ̀, ẹ kó wọn sínú fódà kan ṣoṣo, ká sọ pé C:\Packages, kí fáìlì míì má sì sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi DISM /Online /Add-Package /PackagePath: pè é, pẹ̀lú orúkọ èyí tuntun. Òun fúnra ẹ̀ á wá èyí àkọ́kọ́ tó bá nílò ẹ̀. Wọ́n tóbi o, ẹ wo iye GB tó kọ síwájú wọn lójú ìwé náà kẹ́ ẹ tó tẹ Download.

Ilé tó bá sì ní kọ̀ǹpútà tó ju ọ̀kan lọ lórí Wi-Fi kan náà, ẹ lọ sí Windows Update, Advanced options, Delivery Optimization, ẹ tàn án, ẹ yan Devices on my local network. Èyí tó bá kọ́kọ́ gba update á máa pín in fún èkejì, ìyẹn á dín dátà kù. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má yan ti orí Internet, torí ẹ̀yin lẹ máa wá fi dátà yín pín in fún aráyé.

Ìyá_Táyé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Windows 10 ni tèmi, 0x80070643 ló máa ń kọ. Ṣé ọ̀rọ̀ EFI yìí náà ni?

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Rárá mà, ìpín mìíràn ni ti yín. Ẹ wo nọ́mbà KB tó wà níwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ KB5034441, èyí tó jáde ní January 2024, Recovery partition, ìpín tí Windows fi ń tún ara ẹ̀ ṣe, ni kò láyè, 250 MB ni update yẹn ń fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà láti ṣe é ni kéèyàn fi reagentc /disable pa á, kó gé 250 MB lára C:, kó tún Recovery náà ṣe tóbi, kó wá fi reagentc /enable tàn án. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ohun tí reagentc /info kọ wá, torí àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè pa partition tí kò yẹ kó kú.

Àmọ́ ẹ mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ update ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró láti 14 October 2025. ESU, àfikún update ààbò tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ nílé lè forúkọ sílẹ̀ fún, October 2026 ni wọ́n dá fún un. Bí ẹ̀rọ yín bá ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ, tí processor ẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà, Windows 11 ló yẹ kẹ́ ẹ máa rò.

Ọmọ_Ṣúrúlérè kọ:

Ó ti wọlé o! BitLocker wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò mọ̀ rárá. Fonts mẹ́rin yẹn nìkan kò tó, mo pa .bin tó pẹ́ jù rẹ́ kún un, àyè lé ní 30 MB. Mo tẹ Retry, kò fa dátà tó ṣeé kà, ó kà á dé òpin, winver sì ti ń fi build tuntun hàn. Ẹ kú làálàá.

Ìbéèrè kan ló kù. Tí BIOS mìíràn bá dé, ṣé kò ní kún padà?

Ìdúmọ̀tà_Gadget kọ:

Á kún padà. Bẹ́ẹ̀ Windows kò lè fa EFI gùn bó ṣe ń fa C:, torí diskpart kì í fa FAT32. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó parí, ẹ ṣe EFI tuntun tó tóbi:

diskpart
list disk
select disk 0
select volume C
shrink desired=300
create partition efi size=300
format quick fs=fat32 label=System
assign letter=S
exit
bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Ẹ wo list disk dáadáa kẹ́ ẹ tó yan 0. Flash tàbí hard disk ìta, ẹ yọ wọ́n kúrò ná.

Àǹtí_Ẹ̀bute_Mẹ́ta kọ:

Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n èmi ò ní kí bọ̀dá ṣe é lónìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ da iṣẹ́ àwọn ọmọ àti ìwé ọjà yẹn sórí hard disk ìta. Tí wọ́n bá sì ṣe é, kí wọ́n má pa EFI àtijọ́ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ kọ mountvol Y: /s àti dir Y:\ /a lẹ́ẹ̀kan sí i. EFI tí ẹ̀rọ fi jí ló máa gbé wá. Tí àyè ibẹ̀ bá lé ní 200 MB, tuntun lẹ wà. Tó bá ṣì jẹ́ kékeré, inú BIOS lẹ máa lọ, kẹ́ ẹ gbé Windows Boot Manager kejì sókè.

Bọ̀dá, ẹ ti dá BitLocker padà? manage-bde -protectors -enable C:

Ọmọ_Ṣúrúlérè kọ:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ báyìí ni, mà. Mo tún fi manage-bde -status C: wò ó, ó ní "Protection On".